Mítà mélòó láàárín igi kajú kan sí èkejì? Ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin

Igi kajú kì í so lábẹ́ òjìji. Ìparí ẹ̀ka ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ, lára ẹ̀ka tí oòrùn ń rí. Ẹ̀ka tí kò bá rí oòrùn kò ní yọ òdòdó, nígbà tó bá sì pẹ́, yóò gbẹ. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àlàfo igi ti jáde.

Ẹ wọ oko kajú tí wọ́n gbìn súnmọ́ra jù, tó sì ti pé ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka igi kan ti wọnú ti èkejì. Abẹ́ wọn ṣókùnkùn, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ti gbẹ, igi ń ga lọ sókè láti wá oòrùn, èso sì kù sí orí téńté nìkan. Olóko á ní ilẹ̀ òun ti ṣá. Ilẹ̀ kò ṣá. Igi ló pọ̀ jù lórí ilẹ̀.

Bí a bá gbin ọmọ igi tó ga dé orúnkún, tí a sì fi mítà 10 sí àárín rẹ̀ àti èkejì, ó máa ń jọ ẹni pé a fi ilẹ̀ ṣòfò. Àwọn tó ń kọjá á máa bi wá pé ta ló gba ilẹ̀ yòókù. Ẹ fara dà á. Kì í ṣe ọdún tí a gbin igi la fi ń wọn àlàfo rẹ̀, ọdún tó bá tẹ́ ẹ̀ka tán ni.

Kí ẹ tó gbé okùn

Ẹ rí i dájú pé ilẹ̀ náà jẹ́ tiyín, tàbí pé onílẹ̀ mọ̀ pé igi lẹ fẹ́ gbìn. Ẹni tó yá ilẹ̀ láti fi gbin àgbàdo kò tíì gba àṣẹ láti gbin kajú, torí igi a máa pẹ́ ju àdéhùn lọ. Ẹ pe ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ kòtò méjì tàbí mẹ́ta síbi tó yàtọ̀ síra nínú oko, kó jìn tó mítà 1 ààbọ̀. Ní ẹsẹ̀ àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́, ibi púpọ̀ wà tí ọkọ́ ti ń kan òkúta tàbí yangí kó tó jìn rárá. Ibi tí gbòǹgbò kò bá ti rí ọ̀nà wọlẹ̀, igi kò ní tóbi. Níbẹ̀, mítà 8 síra ti tó. Ní ilẹ̀ tó jìn, irú ilẹ̀ pupa tó wà ní Kétu, igi á tẹ́ rẹrẹ, mítà 10 ni kí ẹ lò. Bí ó bá jẹ́ pé hóró lẹ fẹ́ gbìn tààrà, tí ilẹ̀ sì lọ́ràá, mítà 12 kò pọ̀ jù.

Ẹ yan irú oko tí ẹ fẹ́ dá

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń wo fídíò oko ápù ilẹ̀ Yúróòpù lórí fóònù. Mítà 1 péré ló wà láàárín igi kan sí èkejì, mítà 3 ààbọ̀ láàárín ìlà kan sí èkejì. Bí a bá ṣírò rẹ̀, igi tó lé ní 2,800 ló wà lórí hẹ́kítà kan. Wọ́n á wá bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí àwa náà ò fi lè gbin kajú wa báyìí?”

Abẹ́ ilẹ̀ ni ìdáhùn wà. Àwọn ápù yẹn kò dúró lórí gbòǹgbò ara wọn. Wọ́n lẹ ẹ̀ka ápù tó dùn mọ́ gbòǹgbò ápù mìíràn tí kì í jẹ́ kí igi dàgbà púpọ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ ni M9, tí wọ́n yàn sọ́tọ̀ ní ibùdó ìwádìí East Malling nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Igi tó bá wà lórí M9 kì í sábà ga ju mítà 3 lọ. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà kò lágbára, torí náà wọ́n ní láti ri òpó, kí wọ́n ta wáyà tí igi á fara tì títí tí yóò fi kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sì máa rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ lọ́dọọdún. Ápù tí kò sí lórí irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ mítà 8 sí 10, bíi kajú tiwa gẹ́ẹ́. Ápù fúnra rẹ̀ sì nílò òtútù gidi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó lè yọ òdòdó dáadáa, ọyẹ́ tiwa kò tó o.

Ní Brazil, níbi tí kajú ti wá, wọ́n ní irú kajú kúkurú kan tí wọ́n ń lẹ̀. Mítà 7 sí 8 ni wọ́n sábà fi ń sí àárín ìyẹn náà. Ẹni tó bá gbin kajú wa sí mítà 3 nítorí fídíò ápù ń wo ẹ̀ka, kò wo gbòǹgbò.

Ohun kan wà tí a lè kọ́ lára àwọn olóko ápù, tó sì bá oko wa mu: wọn kì í jẹ́ kí igi ga ju àlàfo tó wà láàárín ìlà méjì lọ. Bí ìlà bá jìn síra ní mítà 4, tí igi sì ga tó mítà 6, igi ìlà yìí á bo ìdí ti ìlà kejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún igi eléso yòówù kí ẹ gbìn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú wa nígbà náà.

Èkíní, mítà 10 sí mítà 10, igi 100 lórí hẹ́kítà. Ọ̀nà yìí ni mo máa ń dá lábàá fún ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní lè fi ọwọ́ ara òun gé igi tó ń so. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ó máa gbin àgbàdo àti ẹ̀pà sáàárín rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, ilẹ̀ kò ní ṣòfò.

Èkejì, mítà 8 sí mítà 8, igi 156. Igi àlẹ̀mọ́ ni kí ẹ lò, ìyẹn ọmọ igi tí wọ́n ti lẹ ẹ̀ka igi tó ń so dáadáa mọ́, kí ẹ sì múra láti máa rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹta, mítà 5 láàárín igi, mítà 10 láàárín ìlà, igi 200. Nígbà tí ẹ̀ka bá ń kan ara wọn, ẹ ó yọ ìdajì kúrò, oko á wá di mítà 10 sí mítà 10. Owó àwọn ọdún tí igi kọ́kọ́ ń so pọ̀ níbẹ̀, torí igi ìlọ́po méjì ló ń so. Ó tún gbé ewu tó pọ̀ jù lọ, torí ọ̀pọ̀ ló ń gbìn, ìba díẹ̀ ló ń yọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò òmíràn fúnra yín, ẹ fi àlàfo igi di ìlọ́po àlàfo ìlà, kí ẹ sì fi ohun tó bá jáde pín 10,000, ìyẹn iye mítà onígun mẹ́rin tó wà nínú hẹ́kítà kan. Mítà 7 ní ìlọ́po mítà 7 jẹ́ 49. 10,000 tí a fi 49 pín jẹ́ igi 204. Fún ẹni tó ń fi kantin ka ilẹ̀, kantin kan jẹ́ mítà 20 sí mítà 20, igi kajú mẹ́rin péré ni mítà 10 sí 10 máa gbà níbẹ̀.

Fún ọsàn, mítà 6 sí mítà 6 (igi 277) tàbí mítà 7 sí mítà 7 dára. Máńgòrò àlẹ̀mọ́ ń fẹ́ mítà 8 sí 10. Èyí tí a gbin hóró rẹ̀ tààrà ń fẹ́ mítà 12. Ẹni tó ní àgbàlá kékeré ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó fẹ́ gbin máńgòrò, kí ó gbìn ín jìnnà sí ògiri tó mítà 4 ó kéré tán, kí ó sì gbà pé igi kan ló máa gba àgbàlá náà.

Wíwọn ilẹ̀

Ẹ má ṣe fi ìṣísẹ̀ wọn oko. Ìṣísẹ̀ àárọ̀ kì í bá ti ọ̀sán mu nígbà tó bá ti ń rẹni. Ẹ wá tépù mítà 50 bí ẹ bá rí i, okùn gígùn méjì, èèkàn tó pọ̀ tó iye igi yín, àti èèyàn mẹ́ta.

Okùn náílọ́ọ̀nù máa ń fà. Ẹ kọ́kọ́ fà á le, kí ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì so aṣọ pupa mọ́ ọn ní gbogbo mítà 10. Lọ́sàn-án, kí ẹ tún un wọ̀n, torí lẹ́yìn tí ẹ bá ti fà á kiri oko, aṣọ lè ti yẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ẹ wá yan ẹ̀gbẹ́ oko tó gùn jù, tó sì tọ́ jù. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà ló sábà máa ń rọrùn. Ìlà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ bọ́ sórí ààlà. Ẹ wọlé ní ìdajì àlàfo igi: bí àlàfo bá jẹ́ mítà 10, ìlà àkọ́kọ́ á wà ní mítà 5 sí ààlà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lórí ààlà gan-an á ka igi 121 lórí hẹ́kítà kan dípò 100, inú rẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n igi 40 nínú wọn á ti dúró sórí ààlà, ìdajì ẹ̀ka wọn á sì wà lórí oko ẹlòmíràn. Ìjà ọjọ́ iwájú nìyẹn.

Ẹ ri èèkàn àkọ́kọ́ sí igun, kí ẹ na okùn gba ẹ̀gbẹ́ tí ẹ yàn. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, torí bí igun kò bá tọ́, gbogbo ìlà á wọ́. Báyìí la ṣe ń ṣe é:

1. Láti èèkàn igun, ẹ wọn mítà 9 lórí okùn tí ẹ nà, kí ẹ ri èèkàn síbẹ̀.
2. Kí ẹnì kan di orí tépù mú ní èèkàn igun, kí ẹ wọn mítà 12 wọ inú oko.
3. Kí ẹlòmíràn wọn mítà 15 láti èèkàn ti mítà 9 wá bá a.
4. Ibi tí mítà 12 àti mítà 15 ti pàdé gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ri èèkàn sí. Ìlà tó lọ láti igun sí èèkàn yìí tọ́ pátápátá.

Bí oko bá kéré, mítà 3, 4 àti 5 á ṣiṣẹ́ kan náà. Mo fẹ́ràn 9, 12 àti 15 torí àṣìṣe kékeré nínú mítà 3 á ti di ńlá nígbà tí ìlà bá fi máa gùn dé mítà 100.

Ẹ ri òpó gígùn mẹ́ta tò tẹ̀léra láti mú ìlà náà gùn. Tí ẹ bá di ojú kan, tí ẹ dúró lẹ́yìn òpó àkọ́kọ́, tí ẹ kò sì rí àwọn méjì yòókù mọ́, ìlà tọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá wọn oko láti igun kan sí igun tó wà ní òdìkejì rẹ̀, gba àárín oko kọjá (ìyẹn ni mo pè ní ìbú). Lórí ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 50, ìbú méjèèjì gbọdọ̀ jẹ́ bíi mítà 70 àti sẹ̀ǹtímítà 70. Bí ọ̀kan bá fi mítà kan gùn ju èkejì lọ, ẹ tún igun ṣe kí ẹ tó tẹ̀síwájú, bó ti wù kí oòrùn mú tó.

Nígbà tí ẹ bá ń ri èèkàn igi, ibẹ̀rẹ̀ ìlà ni kí ẹ ti máa wọn gbogbo wọn: 5, 15, 25, 35. Bí ẹ bá ń wọ̀n láti èèkàn kan sí èkejì, àṣìṣe kékeré kọ̀ọ̀kan á máa gun orí èkejì.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí ìlà yí òkè ká, kó má ṣe gùn láti òkè bọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí omi òjò má baà sọ àárín ìlà di ọ̀nà àgbàrá. Ẹ di tépù mú kó dúró gbọọrọ lófuurufú, kì í ṣe kó tẹ̀lé ilẹ̀. Àwọn olóko ápù nílẹ̀ òtútù máa ń to ìlà wọn láti àríwá sí gúúsù kí oòrùn lè kan ìhà méjèèjì. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, oòrùn ń gba orí wa kọjá, torí náà ọ̀nà omi ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Àwọn kan máa ń gbìn ín bí àdògán, onígun mẹ́ta: bí àlàfo igi bá jẹ́ mítà 10, ìlà kan sí èkejì á jẹ́ mítà 8 àti sẹ̀ǹtímítà 66, igi ìlà kejì á sì bọ́ sáàárín méjì ti ìlà àkọ́kọ́. Igi 115 ló ń wọ hẹ́kítà báyìí. Ó dára fún ẹni tí kò ní yọ igi láéláé. Fún ẹni tó bá máa yọ, ó ń da ìṣirò rú, mi ò sì gbà á nímọ̀ràn.

Kòtò àti gbígbìn

Kòtò tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní jíjìn ti tó. Ẹ kó ilẹ̀ òkè sí ọ̀tún, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sí òsì. Ẹ po ilẹ̀ òkè mọ́ ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa, kí ẹ dà á padà bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú gbígbìn.

Bí ẹ bá gbẹ́ kòtò, èèkàn ti kúrò níbi tó wà, igi á sì yẹ̀ kúrò lórí ìlà. Pákó kan ló ń yanjú èyí. Ẹ wá pákó tó gùn tó mítà 1 ààbọ̀, ẹ gé àmì sí àárín rẹ̀, ẹ lu ihò sí orí méjèèjì. Kí ẹ tó gbẹ́ kòtò, ẹ fi àmì àárín gbá èèkàn igi mú, kí ẹ ri èèkàn kékeré sínú ihò méjèèjì. Lẹ́yìn tí ẹ bá di kòtò tán, ẹ dá pákó padà sórí èèkàn kékeré méjèèjì. Ibi tí àmì àárín bá wà ni igi máa dúró.

Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó lè mú gbòǹgbò dáadáa kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ igi pọ̀ kò gbọdọ̀ wọlẹ̀.

Àárín ìlà ní ọdún àkọ́kọ́

Ẹ fi mítà 1 sílẹ̀ yí ìdí igi ká ní ọdún àkọ́kọ́, kí ẹ máa fẹ̀ ẹ́ sí i lọ́dọọdún. Ẹ̀pà, erèé àti sóyà ló dára jù. Àgbàdo dára bí kò bá bo ọmọ igi mọ́lẹ̀. Iṣu ń fẹ́ àbójútó: ebè kò gbọdọ̀ gé gbòǹgbò, ọwọ́ iṣu kò sì gbọdọ̀ gun orí kajú. Ẹ̀gẹ́ ni mi ò fẹ́ nítòsí igi tí kò tíì pé ọdún méjì, torí ó ga jù ú lọ, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀.

Kí ọyẹ́ tó gbẹ koríko, ẹ ro ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 5 sí 10 yí oko ká kó mọ́ lóló. Iná ọ̀dàn kan lè jó iṣẹ́ ọdún márùn-ún run ní ọ̀sán kan.

Yíyọ igi

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tó gbin igi 200 gbọ́dọ̀ sàmì sí 100 tó máa lọ láti ọjọ́ tó gbìn wọ́n. Ẹ fi ọ̀dà funfun kun èyí tó máa dúró, kí ẹ sì sọ fún ìyàwó, ọmọ àti àbúrò tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Bí ìpinnu náà bá wà lọ́kàn ẹnì kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí àáké bá dé, gbogbo ilé á dìde sí i pé igi tó ń pa owó ni.

Ìgbà wo ló tó? Ẹ má ka ọdún. Ẹ wo ìparí ẹ̀ka igi méjì tó kọjú síra. Bí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n kan ara wọn, ìkórè tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá dúró títí wọ́n fi wọnú ara wọn, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ á ti kú lára igi tí ẹ fẹ́ dá sí pàápàá, ó sì máa ń pẹ́ kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, ẹ fi ìkórè méjì wọn èso igi kọ̀ọ̀kan. Garawa kan fún igi kan, òṣùwọ̀n, àti ìwé. Iṣẹ́ púpọ̀ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n láàárín kajú tí a gbin hóró rẹ̀, igi kan lè so ìlọ́po ohun tí èkejì rẹ̀ so lórí ilẹ̀ kan náà. Bí igi tí ẹ kun ní funfun kò bá so, tí èyí tó yẹ kó lọ sì ń so dáadáa, ẹ pààrọ̀ wọn. Ìlà tó wọ́ díẹ̀ sàn ju igi àgàn tó tò dáadáa lọ.

Àwọn tó ti jogún oko tí wọ́n gbìn ní mítà 5 sí mítà 5, igi 400 lórí hẹ́kítà, ìpele méjì ni kí ẹ fi ṣe é. Ní ìpele àkọ́kọ́, ẹ yọ igi kan, ẹ dá ọ̀kan sí, nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, igi tó kọjú sí èyí tí ẹ dá sí ni kí ẹ yọ. Ó máa ku 200, àlàfo wọn á sì jẹ́ mítà 7 àti díẹ̀ ní ìbú. Nígbà tí ẹ̀ka bá tún fẹ́ pàdé, ẹ yọ gbogbo igi inú ìlà kan láàárín méjì: igi 100, mítà 10 sí mítà 10. Ẹ má ṣe gé 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igi tó ti ga tín-ín-rín nínú ọ̀pọ̀ kò mọ bí a ṣe ń dúró dojú kọ ìjì, ilé yín náà sì nílò owó lọ́dún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, kí òjò tó pọ̀, ni àkókò gígé. Ẹ gé e súnmọ́ ilẹ̀. Ẹ̀ka dára fún igi ìdáná àti èédú, kí ẹ kó o kúrò kíákíá, kó má di ohun tí iná ọ̀dàn á jẹ. Kùkùté kajú máa ń rú, torí náà ẹ máa ṣẹ́ ọ̀mùnú rẹ̀ kúrò ní gbogbo ìgbà òjò títí yóò fi kú.

Ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn gígé, àpapọ̀ èso oko lè dín kù. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Igi tó kù nílò àsìkò láti na ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́. Oòrùn ti padà sí àárín ìlà ní gbogbo àsìkò yìí, torí náà ẹ tún ẹ̀pà gbìn síbẹ̀.